Níbo Ni “Ó” Sá Lọ?

Ẹni tó bá máa ń dúró níwájú pátákó yìí mọ̀ pé ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni abala ẹ̀rín máa ń wà, níbi tí a ti ń kọ àwọn gbólóhùn tó pa wá lẹ́rìn-ín nínú àròkọ ara wa. Èmi ni mò ń kó wọn jọ láti ọdún tó kọjá. Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ tí mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé, gírámà ló sì wà nídìí ẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ Yorùbá wa ní kí a kọ àròkọ lórí ọjọ́ tí a ò lè gbàgbé. Nígbà tí a kọ ọ́ tán, wọ́n ní kí àwọn kan ka tiwọn síta. Ọmọ kíláàsì wa kan, obìnrin, ní òun ò lè kà, pé ọ̀fun ń dun òun. Wọ́n bá gba ìwé ẹ̀, wọ́n nà án sí mi pé kí n bá a kà á, torí ẹ mọ̀ pé ohùn mi máa ń ròkè. Ó kọ nípa àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n mú lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí wọn kan ní Àbújá nígbà tí iṣẹ́ bàbá wọn dáwọ́ dúró. Ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n ní tó bá di Kérésì, wọ́n á mú un wálé. Nígbà tí Kérésì dé, wọ́n sè, wọ́n dúró. Ìlà méjì tó kẹ́yìn nìyí, bó ṣe wà nínú ìwé gan-an, láìsí àmì kankan lórí ẹ̀: “A gbe ounje re soto. O ko pada.”

Èmi wá kà á sókè: “Ó kò padà.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń sọ pé “ó kò”? Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ tún un pè lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ẹ̀rín náà má bàa tètè tán. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abala ẹ̀rín. Mi ò kọ orúkọ ẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀?

Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin yìí kì í kọ ju ìlàjì ojú ìwé lọ. Ohun tó sì ń kọ ni “Ilé wa tóbi. Ajá wa dúdú. Mo fẹ́ràn ìrẹsì.” Gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Òun ló ń sọ ìtàn dáadáa jù nínú gbogbo wa tẹ́lẹ̀ o! Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ jókòó ti ìwé gírámà, kí n wádìí ibi tí “ó” ń lọ gan-an.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní Adé ni à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó lọ. Ó ti lọ. Ó ń lọ. Ó máa lọ. “Ó” ń bá gbogbo wọn jókòó láìjà. Ṣùgbọ́n kí “kò” ṣáà yọjú báyìí, “ó” ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. “Kò lọ.” Ta ni kò lọ? Adé ni. Orúkọ ẹ̀ kò sí níbẹ̀, arọ́pò-orúkọ kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé òun ni. Bó ṣe ń sá fún “kò” ló ń sá fún “kì í”: kì í jẹ ẹ̀wà. Ó ń sá fún “yóò” náà: yóò dé lọ́la. Mi ò mọ ohun tí “yóò” fi ṣe é, torí “máa” tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í sá fún un.

Àwọn tó kù nínú ẹbí ńkọ́? “O” dúró: o kò lọ. “A” àti “ẹ” dúró: a kò lọ, ẹ kò lọ. “Wọ́n” dúró, ṣùgbọ́n ó ní láti bọ́ fìlà kó tó wọlé: wọn kò lọ, láìsí àmì òkè lórí ẹ̀ mọ́. Ti “mo” ló tún wá yàtọ̀. “Mo” kì í wá fúnra ẹ̀, ó máa ń rán ẹlòmíràn: n kò lọ, èmi kò lọ, tàbí bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu, mi ò lọ. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ́ fún un láàárọ̀, á ní “Mo kò fẹ́!” Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Nílé wa, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ó ti gbọ́ “mo fẹ́”, ó ti gbọ́ “kò”, ó wá fi wọ́n pọ̀ fúnra ẹ̀. Ìṣirò ẹ̀ pé. Èdè wa ni kò tẹ̀ lé ìṣirò. Àbí èdè tó ní kí n kọ́kọ́ dé ogún, kí n wá padà yọ mẹ́rin kúrò, kí n tó lè sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, kí ni kò lè ṣe fún ènìyàn?

Nítorí náà ẹni tó bá kọ “ó kò padà”, kì í ṣe pé kò mọ nǹkan. Ó mú “ó padà”, ó fi “kò” sáàárín. Tó bá jẹ́ pé “òun kò padà” ló kọ, kò sí olùkọ́ tó máa fa pupa sí i, torí “òun” kì í sá fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà méjì péré ló wà láàárín òun àti máàkì tó pé.

Bí mo ṣe rí èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo abala ẹ̀rín wa látẹ̀yìn wò, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mò ń fi rẹ́rìn-ín, òfin kan ló wà lẹ́yìn ẹ̀ tí èmi gan-an kò mọ̀.

Ẹ mú ti “mo ń lọ.” Ìlàjì kíláàsì wa ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fetí sí ẹnu ara yín kí ẹ pè é: mò ń lọ. “Mo” ti rẹ ohùn sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní ohùn àárín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí “ń” bá dé, mò ń, ò ń, à ń, ẹ̀ ń. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lókè nìkan ni kì í rẹlẹ̀, ó ń àti wọ́n ń. Láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni a ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láìṣìnà, ọjọ́ tí a bá mú bírò nìkan la máa ń gbàgbé.

Ti alágẹmọ ló dùn mọ́ mi jù. Alágẹmọ ni mo sọ arọ́pò-orúkọ tó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Mo rí i. Mo jẹ ẹ́. Mo gbà á. Mo kó o. Mo kọ ọ́. Mo lù ú. Ẹyọ kan náà ni gbogbo wọn o! Kò ní àwọ̀ tirẹ̀; fáwẹ́lì tó bá bá lẹ́nu ọ̀rọ̀-ìṣe ni òun náà ń dà. Ó tiẹ̀ ń fi imú sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ń fi imú sọ̀rọ̀: mo fún un. Ẹ tún wá wo àmì orí wọn. “Rí” dé fìlà, “i” kò dé. “Jẹ” kò dé fìlà, “ẹ́” wá dé e. Ó dà bíi pé fìlà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní nílé, tí ẹnì kan bá ti dé e jáde, ẹnì kejì á lọ lórí òfìfo. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kọ alágẹmọ yìí rárá. “Mo ri ni ọja.” Kí lo rí? “Olukọ pe, o si da lohun.” Ta ni wọ́n pè?

Alágẹmọ yìí kan náà ló gba ọmọkùnrin kan sílẹ̀ ní ilé ìwé yìí. (Kò sí ní kíláàsì wa, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni.) Ó kọ ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, olùkọ́ sì mú ìwé náà lọ́nà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀: “Mo fẹ́ ẹ.” Ọmọkùnrin yìí ní ìwé Kẹ́místírì tó wà lórí tábìlì ọmọbìnrin náà ni òun ń sọ, pé òun fẹ́ yá a. Ẹ gbà á wò, kò sí ibi tí ẹ ti lè mú un! “Fẹ́” dé fìlà, nítorí náà ìwé Kẹ́místírì gbọ́dọ̀ di “ẹ” láìdé fìlà. Ṣùgbọ́n “ẹ” yìí kan náà la fi ń pe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ká ní ó kọ “mo fẹ́ ọ” ni, ẹjọ́ ti tán. Olùkọ́ yẹn wo ìwé náà títí, wọ́n ní kó lọ jókòó, wọ́n sì yíjú sí pátákó kí a má bàa rí ẹ̀rín wọn.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló lè ṣe é. Ọmọ JSS3 kan fún mi ní àròkọ fún pátákó yìí. Ó kọ “mo rà ìwé”, ó kọ “mo kà ìwé”, ó kọ “bàbá mi tà ìwé.” Mo ti ń múra láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ abala ẹ̀rín, mo kàn bi í pé níbo ló ti rí àwọn àmì yẹn. Ó ní inú ìwé atúmọ̀ èdè ni. Ó sì mú un jáde! Nígbà tí mo ń wo ìwé náà, ojú tì mí: rà, kà, tà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lórí wọn. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún un ni pé tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá wá jókòó tì wọ́n, wọ́n máa ń sọ àmì yẹn kalẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó kí àlejò: ra ìwé, ka ìwé, ta ìwé. Tó bá jẹ́ alágẹmọ ló wá, wọn kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ o: mo rà á, mo kà á. Ẹni tí kò ṣí ìwé atúmọ̀ èdè rí kò lè kọ “mo rà ìwé” láéláé. Mo dá àròkọ náà padà fún un, mo sì ní kó tún irú ẹ̀ kọ wá.

Ti Gẹ̀ẹ́sì náà ń bẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní JSS1, mo kọ ọ́ sínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì pé “My father has come. They are eating.” Olùkọ́ bi mí pé bàbá mélòó ni mo ní. Mo ní, “Bàbá kan ni, Mà, ṣùgbọ́n wọ́n jù mí lọ.” Títí di òní, tí mo bá kọ “he” fún bàbá mi, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbá mi létí.

“Wípé” ńkọ́? Àwọn olùkọ́ wa kò fẹ́ rí i sójú. “Pé” ni kí a kọ, torí “wí” ti túmọ̀ sí sọ, ẹni tó bá wá ní “ó sọ wípé”, ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n màmá mi ń sọ ọ́, àlùfáà ń sọ ọ́, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń sọ ọ́. Ní tèmi, màá kọ “pé” sínú ìwé ìdánwò, màá sì jẹ́ kí ẹnu mi máa ṣe tiẹ̀.

Màmá àgbà tiẹ̀ ní èmi gan-an kò mọ̀wé kọ. Wọ́n rí “ayé” nínú ìwé mi, wọ́n ní, “Kí ló dé tí o fi jẹ lẹ́tà kan mọ́ ọn? Aiye ni.” Mo ní “ayé” la kọ́ wa. Ni wọ́n bá gbé Bíbélì wọn jáde. Lóòótọ́, aiye ló wà níbẹ̀, àti enia, àti nwọn, àti yio. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ jáde. Ní ọdún 1875 ni àwọn ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kọ ọ́ fún ọdún gbọọrọ. Àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, ọdún 1974 ló gba ìfọwọ́sí. Ọmọ ilé ìwé tó kọ “aiye” ní ọdún 1960 gbà á. Ọmọ tó bá kọ ọ́ lónìí, olùkọ́ á fa pupa sí i. Ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì sì fi ń pè é. Àwọn ìlú wa pàápàá ò tíì gbọ́ ìròyìn yẹn tán, ẹ wo pátákó ọ̀nà: Oshogbo, Offa, Ilesha, Shagamu. Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí tán, Màmá àgbà ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti ń ṣọ́ lẹ́tà ná bí epo.”

Ọ̀rọ̀ àmì ló kù. Ti “oko” ni gbogbo ayé mọ̀, mi ò ní tún un sọ níbí, torí ọ̀kan wà nínú wọn tí ọ̀gá ilé ìwé máa tìtorí ẹ̀ fa ìwé yìí ya kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ ká lo èyí: “Iya mi ra igba ni igba naira.” Igba kejì kò ṣòro, iye owó ni. Èyí àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí ìgbá tí a ń jẹ, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Bírò kò sọ. Ẹni tó bá mọ bí ọjà ṣe rí ló lè sọ pé ìgbá ni, ìyẹn pàápàá kò ní ju bíi mélòó kan lọ.

Bí mo ṣe kọ gbólóhùn yẹn tán ni mo dákẹ́. Torí nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn nípa ìlà méjì tí mo kà ní sáà tó kọjá. Àmì kankan kò sí lórí ẹ̀, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. “A gbe ounje re soto. O ko pada.” Ta ló dé fìlà fún “o” yẹn? Èmi ni. Ẹ bọ́ fìlà náà kúrò, kí ẹ tún un kà: “A gbé oúnjẹ rẹ sọ́tọ̀. O kò padà.” Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ mọ́. “O” kì í sá fún “kò”. Kì í ṣe nípa àbúrò ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Àbúrò ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo lọ bá a lẹ́yìn tí a jáde kíláàsì. Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí, ó ní, “Láti òkè ojú ìwé yẹn ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ lo gbà á lẹ́nu mi.”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ lọ́jọ́ náà.

“Nínú ariwo yẹn?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò tọ́jọ́ yẹn, pé olùkọ́ náà ti yọ máàkì márùn-ún lọ́wọ́ òun nítorí àmì, òun sì mọ̀ pé òun jẹ̀bi ìyẹn. Àbúrò ẹ̀ ti wálé ní Ọdún Àjíǹde, ó ti ga, ó sì ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá wọn jà.

Mo ti yọ gbólóhùn ẹ̀ kúrò lára abala ẹ̀rín. Èmi rò pé kí a pa abala náà rẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n òun ló ní rárá, pé kí a kàn máa kọ òfin tó wà lẹ́yìn àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹ̀, kí a sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òun ló máa kó ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jọ. Ó ti gbà kí n sọ ìtàn ẹ̀ níbí, bí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ òun.

Ó ka àlàyé yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí tí mo fi sínú àmì àyọlò níbi tí mo ti ń kọ́ yín, ó bá “mo ń” ní ibi mẹ́ta tó yẹ kí n kọ “mò ń”. Mo ti tún méjì ṣe. Ó ní kí n fi ìkẹta sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá rí i, kó kọ ọ́ sínú bébà, kó jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé kó tó di ọjọ́ Ẹtì.